Ṣẹ́ẹ̀tì Ló Fún Mi Lówó Ayédèrú

Orí bàbá inú owó ló jáde lẹ́yìn aṣọ nọ́ọ̀sì.

Ṣé ẹ gbọ́ mi dáadáa? Mo ní orí bàbá tí wọ́n yà sínú owó, pẹ̀lú irùngbọ̀n, pẹ̀lú awò ojú, ló jáde gbàgàdà lẹ́yìn aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Aṣọ funfun báláú! Aṣọ tí Ọ̀túnla alágbàfọ̀ ti fọ̀, tó ti sá, tó ti rì bọnú sítáàṣì títí ó fi lè dá dúró láìsí èèyàn nínú ẹ̀. Ọ̀túnla tẹ́ aṣọ yìí sórí tábìlì, ó ń lọ̀ ọ́ lọ ní tiẹ̀, fìrì, fìrì, fìrì, àfi bó ṣe rántí pé owó ńlá kan wà lápò òun tó ti rún wúruwùru.

Ọkùnrin yìí ò sì lè rí ohun tó rún kó má lọ̀ ọ́. Ó máa ń lọ owó. Ó máa ń lọ ìwé ìròyìn kó tó kà á. Ọjọ́ kan wà tí ìyàwó ẹ̀ ká a mọ́ ibi tó ti ń lọ okùn bàtà. Ìyàwó ní kí n má sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni, mo sì ti ń sọ ọ́ fún yín yìí.

Ó tẹ́ owó sẹ́yìn aṣọ nọ́ọ̀sì, ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e.

Ṣììììì!

Èéfín rú. Òórùn bí ike tó ń jóná gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Ọ̀túnla máa fa owó kúrò, fàààà, orí bàbá ti kó ẹrù lọ sára aṣọ. Ó wà níbẹ̀ tó ń wo Ọ̀túnla bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ibi tí orí wà tẹ́lẹ̀ lára owó ti ṣófo, ó ku kọ́là nìkan.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ìyá tó bí Ọ̀túnla sọ ọ́ lórúkọ o, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti kú ládùúgbò. Tí ẹ bá béèrè aṣọ yín lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí, á ní ọ̀túnla. Tó bá di ọ̀túnla tí ẹ padà dé, á wò yín, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ọ̀túnla. Ọkùnrin kan gbé kóòtù tó fẹ́ fi ṣègbéyàwó fún un. Nígbà tó máa fi rí kóòtù gbà, ó ti bímọ méjì, ikùn ẹ̀ ò sì wọnú kóòtù mọ́.

Ìyàwó ẹ̀ ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó ń rán bọ́tìnnì tó já, tó ń gbọ́ rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó gbóòórùn, ó wọlé, ó rí bàbá lẹ́yìn aṣọ. Kò pariwo. Ó mú owó, ó gbé e sójú iná, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Owó gidi, tí ẹ bá gbé e sójú iná, ẹ máa rí òjìji orí kan tó fara pamọ́ nínú ẹ̀. Ìyàwó ò rí òjìji kankan. Ó pọ́n àtàǹpàkò lá, ó fi ra owó náà, àwọ̀ owó sì bá a lọ́wọ́ wẹ́rẹ́.

"Bàbá àwọn ọmọ," ló wí, "ayédèrú ni."

Ọ̀túnla jókòó sórí ìdì aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀. Owó tó tóbi jù tó rí láti ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, ó sì ti ná an tán lọ́kàn ẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó wá ní ṣé kí àwọn kúkú ká a kékeré, kí àwọn fi ra ọṣẹ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ojú ọlọ́ṣẹ bá ti ń ṣe bàìbàì.

Ìyàwó wò ó, ó mi orí. Ohun tí rédíò bá sọ, òfin ni lójú obìnrin yìí, rédíò sì ti sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí owó ayédèrú bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, má dá a padà fún ẹni tó gbé e wá, má sì ná an fún ẹlòmíràn, torí ẹni tó mọ̀ tó sì ná an, òun àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ọmọ ìyá ni wọ́n lójú òfin. Má fọwọ́ pa á jù, wé e sínú pépà. Rántí bí ẹni tó fún ọ ṣe rí, gíga ẹ̀, ojú ẹ̀, ohùn ẹ̀. Kí o wá gbé e lọ sí báǹkì tàbí téṣàn ọlọ́pàá. Ìyàwó ka gbogbo ẹ̀ láìmí, bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìṣirò sórí.

Ọ̀túnla ní kí wọ́n kúkú dáná sun ún, kí ọ̀rọ̀ tán ńlẹ̀.

"Aṣọ nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ṣé ẹ máa dáná sun òun náà ni?" Ìyàwó tọ́ka sí bàbá tó ń wò wọ́n. "Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé bá orí owó lára aṣọ báyìí, kí lẹ fẹ́ sọ fún un? Wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ ń tẹ owó. Wọ́n á ní ẹ ti tẹ bébà tán, ẹ ti wá bọ́ sórí aṣọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọ̀túnla lára ṣinṣin. Ó rí ara ẹ̀ lẹ́wọ̀n, ó rí aṣọ ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ara ẹ̀, èyí tó tiẹ̀ dùn ún jù ni pé aṣọ náà rún.

Ìyàwó bi í pé ta ló fún un lówó ọ̀hún.

"Ṣẹ́ẹ̀tì kan ni," Ọ̀túnla dáhùn.

"Èèyàn ni mo ń béèrè."

"Ó wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì náà."

Ẹ má bínú sí i. Ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fọṣọ, Ọ̀túnla ò wo ojú ẹnikẹ́ni rí. Aṣọ ló mọ̀. Ó mọ̀ ọ́ yàtọ̀ nípa ibi tí ọbẹ̀ máa ń ta sí ọ lára. Àna ẹ̀ pààrọ̀ aṣọ wá kí i lọ́jọ́ kan, Ọ̀túnla bi í pé aṣọ mélòó ni wọ́n gbé wá. Ìyàwó ẹ̀ gan-an ra gèlè tuntun, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un, ọkùnrin yìí gba oúnjẹ, ó sì ní kí wọ́n padà wá lọ́túnla.

Ibẹ̀ náà kọ́ ni wàhálà wà o. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn kọ́ ló ni ín. Kí lẹ rò pé ó ń mú kí ọ̀túnla má pé? Ọ̀túnla máa ń yá aṣọ oníbàárà síta! Ẹni tó ń lọ wáṣẹ́, ẹni tó ń lọ ya fọ́tò, ẹni tó ń lọ bẹ ọ̀rẹ́bìnrin tó ń bínú, gbogbo wọn ló máa ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé, wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á mú èyí tó bá wù wọ́n lórí háńgà. Ẹni tó yá ṣẹ́ẹ̀tì yìí lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó padà wá sanwó, ṣẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, Ọ̀túnla sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lára ẹ̀ yípo bóyá ó ti fi kọ́ nǹkan ya. Ojú ò kúrò lára aṣọ. Ó kàn na ọwọ́, wọ́n fi owó sí i, ó rún un sápò.

Ìyàwó wé owó náà sínú pépà, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ kìlọ̀ fún ọkọ ẹ̀. Kó sọ gbogbo ohun tó bá mọ̀ nípa owó, ṣùgbọ́n kó gbé ti aṣọ yíyá mì bí ẹni gbé oògùn mì. Tí àdúgbò bá gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, ta ni yóò tún gbé áńkáṣíìfù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn? Ṣọ́ọ̀bù yìí ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ mẹ́rin.

"Tí ọlọ́pàá bá bi yín pé kí lẹni náà sanwó fún ńkọ́?"

"Aṣọ fífọ̀ ni," Ọ̀túnla wí.

Ó ń wí i lọ lójú ọ̀nà téṣàn. Aṣọ fífọ̀ ni. Aṣọ fífọ̀ ni. Èèyàn kan kí i pé ẹ kú ọ̀sán, ó dáhùn pé aṣọ fífọ̀ ni.

Ó dé téṣàn. Ẹ wò ó, gbogbo ọlọ́pàá ló ń wọ aṣọ kan náà! Lójú Ọ̀túnla, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá iṣẹ́ téṣàn yẹn ṣe. Ó kí ọlọ́pàá kan lẹ́nu géètì, ó wọlé, ó bá òmíràn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Háà, ọ̀gá, ẹ mà yára o." Ó tún bọ́ sí yàrá ńlá, ó rí ẹ̀kẹta, àánú ẹ̀ wá ṣe é. Ó bi í pé ṣé wọn kì í jẹ́ kó sinmi ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò wọ yunifọ́ọ̀mù níbẹ̀, ìyẹn Ọ̀gá Àgbà wọn, tó dúró sẹ́yìn káńtà kan tó ga dé àyà. Pólò dúdú ló wọ̀, káńtà bo ìyókù. Sájẹ́ǹtì kan ló ń bá wí. Ó ní Mọ́ńdè ni wọ́n ń lọ sílé ẹjọ́, òun ò sì tíì fojú kan owó ayédèrú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀daràn wọn. Sájẹ́ǹtì ń wí pé ó wà, ó wà dáadáa, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni òun tì í mọ́, kọ́kọ́rọ́ ló kàn ń ṣe ségesège. Òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Bó ṣe rí Ọ̀túnla tó wọlé, inú ẹ̀ dùn bí ẹni rí ìbátan, ó sáré mú un lọ sídìí tábìlì kan ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀túnla ro ẹjọ́ ẹ̀. Ó tú pépà. Sájẹ́ǹtì rí owó tí ò lórí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yìn ín púpọ̀. Ó ní ká ní gbogbo ìlú rí bíi ti ẹ̀gbọ́n yìí ni, ayédèrú ì bá ti tán nílẹ̀. Ọ̀túnla béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa fún òun ní gidi tí wọ́n fi máa pààrọ̀ ẹ̀.

"Kò sí pààrọ̀, ẹ̀gbọ́n. Báǹkì gan-an ò ní pààrọ̀ ẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́, orí ẹ̀ ló fọ́ lé."

Ó mú bírò, ó fa pépà kan jáde.

"Kí lẹni náà sanwó fún?"

"Aṣọ fífọ̀ ni." Ó jáde lẹ́nu ẹ̀ bí ìbọn.

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ọ̀túnla dijú, ó ronú. "Apá ọ̀tún ni bọ́tìnnì wà. Ọkùnrin ni."

Sájẹ́ǹtì gbé ojú sókè, ó tún gbé e wálẹ̀. "Ó ga àbí ó kúrú?"

"Ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì fi ìka méjì gùn ju ọwọ́ ẹ̀ lọ."

"Ojú ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó kọlà? Ṣé ó ní irùngbọ̀n?"

"Kọ́là ni mo rí, ọ̀gá. Mi ò gòkè kọjá kọ́là."

Ẹ̀rín ń pa mí o! Ẹ máa wo Sájẹ́ǹtì. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa, kí ẹ̀gbọ́n kúkú sọ bí ṣẹ́ẹ̀tì ṣe rí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Ọ̀túnla lọ síbi tó mọ̀ jù láyé. Ó gbàgbé ìyàwó. Ó gbàgbé oògùn tí wọ́n ní kó gbé mì. Ó jókòó dáadáa, ó fa àga sún mọ́ tábìlì. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì náà rí bí ojú ọ̀run, ó ní ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Bọ́tìnnì méje. Ẹ̀kẹta láti òkè kì í ṣe ọmọ ìyá àwọn tó kù, torí ihò mẹ́rin ló ní, àwọn tó kù ní méjì méjì, òwú dúdú ni wọ́n sì fi rán an. Ọ̀túnla ní kí Sájẹ́ǹtì má wo ti ẹni tó gbé owó wá, ẹni yẹn ò tó ṣẹ́ẹ̀tì yẹn wọ̀. Ẹni tó ni ín gan-an ló yẹ kí èèyàn sọ̀rọ̀ ẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ni ín?"

"Aṣọ máa ń sọ̀rọ̀, ọ̀gá. Ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, abẹ́ abíyá ọ̀tún ẹ̀ ti rẹ̀ ju tòsì lọ. Ìyẹn ni pé ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń nà sókè ṣáá, bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró."

Ọwọ́ ọ̀tún Sájẹ́ǹtì wà lókè, ó ń họ orí. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bọ́tìnnì ikùn fẹ́ já. Láàárín ọdún kan yìí ni ikùn yẹn yọ, torí ojú òwú ibẹ̀ ṣì tuntun. Ó ń jẹun dáadáa, ọ̀gá, mi ò sì rò pé owó oṣù ló fi ń jẹ ẹ́."

Sájẹ́ǹtì fa ikùn wọlé.

"Yíǹkì ta sábẹ́ àpò àyà ẹ̀, ó tó ẹ̀wà kan báyìí. Ó ní bírò kan tó ń jò tí kò fẹ́ jù nù. Kọ́là apá òsì, ọmọ kékeré kan ti jẹ ẹ́ lẹ́nu, eyín ìsàlẹ̀ méjì péré ni ọmọ náà sì ní."

Bírò tó wà lórí tábìlì ti jò, ó ti ṣe yíǹkì roboto sára pépà. Sájẹ́ǹtì ò rí i. Ohùn tó máa fi sọ̀rọ̀, bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga.

"Eyín mẹ́rin ló ti ní báyìí," ló wí. "Ọmọ mi ìkẹyìn ni."

Ọ̀túnla rẹ́rìn-ín, ó kí i kú ewu ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá wọ etí ẹ̀ dáadáa.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyàwó Sájẹ́ǹtì ti gbé ṣẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń padà sílé lọ́wọ́ òfo, tó ń sọ fún ọkọ ẹ̀ pé wọ́n ní ọ̀túnla. Sájẹ́ǹtì fọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó dìde.

"Ìwọ ni Ọ̀túnla?"

Ẹ̀gbọ́n ti di ìwọ. Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í wí, ó rọra ń wí i kí Ọ̀gá Àgbà má baà gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń wí i láàárín eyín. Ó ní ayédèrú alágbàfọ̀ ló gbé ayédèrú owó wá bá òun. Ó ní òun máa tì í mọ́lé, òun máa kọ ọ́ sára ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pé olè aṣọ ló ń gbé ibẹ̀. Ó ti ń wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nídìí bẹ́líìtì. Ọ̀túnla bẹ̀ ẹ́, ó pe àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó júwe yunifọ́ọ̀mù iléèwé wọn. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò ràn, ó ní lóòótọ́ ni òun yá ṣẹ́ẹ̀tì síta, ṣùgbọ́n òun ò jí nǹkan kan nínú ẹ̀, ẹni tó yá a gan-an, inú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà ló ti fa owó tó fi san yọ.

Ọwọ́ Sájẹ́ǹtì dúró sídìí bẹ́líìtì.

"Àpò wo?"

"Àpò àyà. Èyí tí yíǹkì wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ní òun bá a níbẹ̀ ni, ó ní Ọlọ́run ló ṣe é."

Sájẹ́ǹtì jókòó. Ó mú owó tí ò lórí, ó ka nọ́ńbà tó wà létí ẹ̀. Ó ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ẹ̀rí sí, ó fi ìka tọ ìlà kan lọ. Ó tún ka ti owó. Nọ́ńbà kan náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n, àbí? Owó tí Ọ̀gá Àgbà ń béèrè ni! Lọ́jọ́ tí Sájẹ́ǹtì gbà á lọ́wọ́ ọ̀daràn, kò wọ yunifọ́ọ̀mù, ó kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, ó ki owó náà bọ àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pé òun á gbé e dé téṣàn láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyàwó ẹ̀ ti di aṣọ tó dọ̀tí lọ fún alágbàfọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Sájẹ́ǹtì ti tú ilé, tó tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó lu ọmọ tí ò mọ nǹkan kan, tó sì ń pa irọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀gá ẹ̀ lójoojúmọ́. Owó kúrò ní téṣàn, ó lọ ṣiṣẹ́, ó sì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ padà wálé.

Sájẹ́ǹtì wo Ọ̀túnla títí. Nǹkan kan ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ṣé o fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi kí o tó yá a síta?"

"Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní."

"Owó tí orí ẹ̀ ń ràn mọ́ aṣọ yìí, ó wà nínú àpò, o fọ̀ ọ́, kò sì ṣí?"

Ọ̀túnla wolẹ̀. Irọ́ ti tán lápò ẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ gbà mí gbọ́. Kí n fọ̀ ọ́, kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí n tún fọ̀ ọ́? Ọṣẹ ti wọ́n."

Ẹni tó bá ń gbọ́ mi bọ̀, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí!

Sájẹ́ǹtì fẹ́ pariwo, ó rántí ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Tó bá ti Ọ̀túnla mọ́lé, á kọ ìwé ẹjọ́ náà. Tó bá kọ ìwé ẹjọ́ náà, á kọ bí ẹ̀rí ilé ẹjọ́ ṣe dé inú àpò aṣọ tó dọ̀tí. Ẹni tó bá kọ irú ìyẹn, á lọ máa darí ewúrẹ́ níbi tí mọ́tò kì í gbà. Ó rọra ya pépà tó ti ń kọ, ya, ya, ya, ó kó o sápò, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Ìwọ ti padà di ẹ̀gbọ́n. Sájẹ́ǹtì ní ẹjọ́ kò sí, ìjà kò sí. Ẹ̀gbọ́n ò wá síbí lónìí, òun náà ò sì rí i. Òun ò ní í bá ẹnikẹ́ni ládùúgbò sọ ọ̀rọ̀ aṣọ yíyá, ẹ̀gbọ́n náà ò ní í bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ àpò. Tẹ́nikẹ́ni bá béèrè orí bàbá tó ṣí kúrò, á ní inú kọ́bọ́ọ̀dù ló móoru. Ọ̀túnla fẹ́ẹ̀ sunkún ayọ̀. Ẹ̀wọ̀n ti fò ó ru, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà pẹ̀lú gbogbo háńgà ẹ̀. Ó gbàdúrà fún Sájẹ́ǹtì, ó gbàdúrà fún eyín ọmọ ẹ̀.

"Ohun kan ló kù," Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ bá mi gbé ṣẹ́ẹ̀tì mi wá kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí."

Ọ̀túnla bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ọwọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kó di Mọ́ńdè."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ti san owó Sátidé sílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ lérán. Ó béèrè bóyá owó gidi ni ti eléyìí, Ọ̀túnla sì fi dá a lójú pé òun ti lọ̀ ọ́, kò ràn mọ́ nǹkan kan. Ó wá béèrè pé ta lẹni náà.

"Mi ò mọ ojú ẹ̀. Ṣòkòtò kákí ni, ọ̀gá, ó ti ń ṣá lórúnkún. Bọ́tìnnì àpò ẹ̀yìn ẹ̀ funfun, àwọn tó kù dúdú, torí ìyàwó mi ló bá a rán èyí tó já lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun ń lọ yọjú sí àwọn àna òun, òun ò ní ohun gidi tí òun máa wọ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀gá Àgbà ti ẹ̀yìn káńtà jáde. Ó gba iwájú tábìlì wọn kọjá, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wá kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ojú Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ láti pólò dúdú, ó sọ̀ kalẹ̀ dé bẹ́líìtì, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àpò ẹ̀yìn, ó sì dúró síbẹ̀. Ó sáré yíjú sí Ọ̀túnla kó ṣẹ́jú sí i pé kó panu mọ́.

Ó ti pẹ́ jù. Ọ̀túnla ti dìde dúró, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Láti ìgbà tó ti wọ ibi tí gbogbo èèyàn ti jọra yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa rí ẹni tó mọ̀.

"Háà, ọ̀gá mi! Ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́ níbí?"

Ọ̀gá Àgbà dúró gbọnin. Kò yíjú padà. Ó kàn mú ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó rọra fi bo bọ́tìnnì funfun yẹn.

"Ẹ má mikàn rárá nítorí ti Sátidé," Ọ̀túnla wí fún un. "Ẹni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì ló jókòó yìí. Mo ti bá a sọ ọ́, kò bínú."